Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣí Lábù

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ físíìsì tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú kíláàsì kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí kò sì ní ẹjọ́ kankan láti bá ìjọba rò lórí owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìgbéga. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kan ni mo bá wá.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá àgbà ni kọ́kọ́rọ́ lábù máa ń wà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń jáde, ìyẹn nígbà tí ìdánwò WAEC bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ó gbá eruku kúrò lórí tábìlì, a ó lé aláǹgbá jáde nínú síǹkì, a ó sì kó àwọn ọmọ SS3 wọlé láti wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ohun tó yẹ kí ọwọ́ wọn ti mọ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa, tó lè ka gbogbo ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò ásíìdì láti orí dé ìsàlẹ̀ láìwo ìwé, gbé pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa omi kẹ́míkà, sẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó fà á bí ẹni tó ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi sódà sì kún un lẹ́nu. A sáré fún un lómi kí ó fi yọnu. Omi sódà náà kò le púpọ̀, kò sì ṣe é ju kí ètè rẹ̀ bó díẹ̀ lọ. Ohun tó sọ lẹ́yìn tó dákẹ́ ẹkún ni kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ní, “Sà, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan máa wọ̀ mí lẹ́nu.” Inú ìwé ni pípẹ́ẹ̀tì ń gbé fún un láti ọdún yìí wá, inú ìwé kò sì lómi.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà, ẹ̀yin Ọlọ́lá. À ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ nǹkan, a kò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ náà. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wa, ìròyìn ni oúnjẹ àárọ̀, òun náà ni ti alẹ́. Ọmọ á ka ìròyìn yìí sórí, á pọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, á gba àmì tó dára, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé nítorí àmì ìdánwò ni mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ wo jẹnẹrétọ̀. Ọdọọdún ni a ń gbọ́ pé ìdílé kan sùn lálẹ́, wọn kò sì jí mọ́, nítorí pé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tó ń pa wọ́n, tí à ń pè ní carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú bí èéfín igi. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn nínú ara, kò sì ní rí ọ́síjìn gbé mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, oorun á máa kunni, lẹ́yìn náà ó tán. Orúkọ afẹ́fẹ́ yìí wà nínú ìwé kẹ́mísìrì gbogbo ọmọ girama, wọ́n sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò. Mo mọ àwọn ọkùnrin tó gba àmì A nínú kẹ́mísìrì, tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá nítorí olè. Orúkọ tí wọ́n há sórí kò bá wọn délé.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kọ́ ni mo fẹ́ kí a fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìyanu ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ òjò kan fún yín.

Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe ń ṣe lórí páànù ilé ẹ̀kọ́: olùkọ́ lè pariwo títí ọ̀fun á fi gbẹ, ẹni tó jókòó níwájú gan-an kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn, òjò kò tíì dé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn, mànàmáná sì ti ń kọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọ JSS1 kan ni wọ́n ní kí n dúró tì nítorí pé olùkọ́ wọn kò wá. Mo ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n máa kà láti ìgbà tí wọ́n bá rí mànàmáná títí àrá á fi sán, kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n máa kà á ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mànàmáná kọ. “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin…” Ìgbà tí wọ́n dé ẹ̀sán ni àrá dún. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n pé ariwo kì í rìn ju nǹkan bí 340 mítà lọ láàárín àkókò kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà kan. Wọ́n ka mẹ́sàn-án, kìlómítà mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé Ṣàngó kọ́ ni? Mo ní kí ó lọ bi bàbá àgbà rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bá wa ka èyí tó kàn. Èyí tó kàn jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tó yá, ó di mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó kígbe pé, “Sà, ó ń bọ̀! Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀!”

Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ ọmọ náà. Etí rẹ̀ àti oókan-èjì tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni ó fi wọn ìrìn ìjì láti nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta, ó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Òjò dé lóòótọ́, a kò gbọ́ ara wa mọ́, wọ́n sì ń kà síbẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìrìn ohùn kí ọjọ́ yẹn tó dé, ojú sì tì mí díẹ̀ pé òjò ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Àwọn aláwọ̀ funfun tí a gba ìwé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìyanu yìí ṣeré. Ní ọdún 1825, Royal Institution ní ìlú London bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn èwe ní àsìkò Kérésìmesì, pẹ̀lú iná àti ìgò àti òòfà lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní; ogun àgbáyé kejì nìkan ló dá a dúró. Michael Faraday wà lára àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró níwájú àwọn ọmọ náà lọ́pọ̀ ọdún. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday. Kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì, àwọn ìwé tó ń dì fún oníbàárà ló sì ń kà. Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì kí ó lọ gbọ́ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ní Royal Institution kan náà yìí. Ohun tó rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbádùn ìwé dídì mọ́. Ní 1831, ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí fi hàn pé bí òòfà bá ń rìn nítòsí wáyà tí a ká, iná mànàmáná á máa ṣàn nínú wáyà náà.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ohun tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Gbogbo ariwo tó ń dún lẹ́yìnkùlé wa lálẹ́, epo ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ló ń mú òòfà yí nítòsí wáyà bàbà, àlàyé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ilẹ̀ wa mọ bí a ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó mọ ìgbà tí a ń fún un ní ṣóòkì, ó mọ bí a ṣe ń nu púlọ́ọ̀gì. Kò sí ọmọ ìlú London kan nígbà ayé Faraday tó sún mọ́ iná mànàmáná tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan kò kàn sọ fún ọmọ tiwa rí pé ohun ìyanu ni ó ń fa okùn rẹ̀ ni.

Mo ní mọ́tò kékeré kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ, tí mo yọ nínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́. Mo so ó mọ́ iná pupa wínníwínní tó máa ń wà lára rédíò. Bí mo bá ká òwú mọ́ ọ̀pá mọ́tò náà, tí mo sì fa òwú yẹn fiìrì, iná pupa á tàn, á sì kú. Gbogbo kíláàsì tí mo gbé e lọ, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa wá bátìrì. Wọ́n á yẹ ìsàlẹ̀ tábìlì wò. Wọ́n á yẹ àpò mi wò. Ìgbà tí wọn kò bá rí bátìrì kankan ni ìbéèrè gidi á bẹ̀rẹ̀, “Níbo ni iná náà ti wá?” Mi ò ní dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Màá jẹ́ kí wọ́n gbé ìbéèrè náà sùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé inú rédíò àtijọ́ àti ìlú London nìkan ni ìyanu ń gbé. Ẹni tó bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta á rí àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ. Bí a bá rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró tí a fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú ṣe, tí a sì fà á jáde, aṣọ náà kì í jáde ní dúdú tàbí ní búlúù. Ó ń jáde ní àwọ̀ ewé tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni àwọ̀ náà á máa yí padà lójú ẹni, láti etí aṣọ wọ àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Ìdí rẹ̀ ni pé aró búlúù kì í yòrò nínú omi. Inú ìkòkò níbi tí ọ́síjìn kò sí ni ó ti ń di ohun tó lè yòrò, tó sì lè wọ inú òwú lọ. Bí ó bá wá padà pàdé ọ́síjìn níta, á tún di aró tí kò lè yòrò, á sì há mọ́ inú òwú. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí kí kẹ́mísìrì tó ní orúkọ ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò láti mọ̀ bóyá ó ti tó. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yà sí aró kẹ́míkà àti sódà ọjà, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà ṣì ń yí padà nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìyá aláró wà ní SS2, ó ń há ẹ̀kọ́ nípa ọ́síjìn sórí, kò sì sí olùkọ́ kan tó sọ fún un pé ohun tó ń há sórí ń ṣẹlẹ̀ lórí okùn tí ìyá rẹ̀ sá aṣọ sí.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ èdè. Nígbà tí àwọn ọmọ JSS1 yẹn ń ka àrá, n kò sọ fún wọn pé Yorùbá ni kí wọ́n fi kà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè wọn, àríyànjiyàn wọn àti igbe ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí mo rí kà lẹ́yìn náà kò ju ìlà kan lọ nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn, ọmọ tó fò dìde sì kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ nìkan.

A kò ní láti máa ṣe àríyànjiyàn lórí èyí bí ẹni pé kò sí ẹni tó dán an wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti sún síwájú, ó ti sún sẹ́yìn: ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní 2025, wọ́n fagi lé e. Èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá Àbújá jà. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ti sú mi láti máa rí pátákó tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì pé a kò gbọdọ̀ sọ èdè ìbílẹ̀, àti ọmọ tó san owó ìtanràn nítorí pé ó fi Yorùbá béèrè ìdí tí omi fi ń hó. Ọmọ tí a bá fìyà jẹ nítorí èdè ìbéèrè, ìbéèrè náà ni yóò pa tì.

Mo mọ̀ pé owó ni yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ lábù ni kò ní gáàsì, kò ní omi ẹ̀rọ, àwọn kẹ́míkà mìíràn sì ti dì gbagidi nínú ìgò. Ẹ ṣe ohun tí agbára yín bá ká lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí owó nìkan ló ti ilẹ̀kùn náà pa. Mo bá ọ̀gá àgbà mi sọ̀rọ̀ nígbà kan, nígbà tí àwa méjèèjì ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ wọ lábù. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù ìjọba yọ, ó fi ìka lé ìlà kọ̀ọ̀kan: bíkà, ìyẹn ife gíláàsì, mẹ́rìnlélógún, máíkírósíkóòpù tí a fi ń wo ohun kéékèèké méjì. Ó ní, “Bí ọ̀kan bá fọ́, èmi ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí.” N kò lè bú u. Ẹni tí a fi ṣe olùṣọ́ gíláàsì, gíláàsì ni yóò máa ṣọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ kọ ìwé àṣẹ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba pé ohun èlò tó bá fọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lójú olùkọ́ kò ní di gbèsè sí ọrùn ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní kí ọmọ JSS1 wọ lábù ní sáà àkọ́kọ́ tó bá dé ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ láti wo ewé nínú máíkírósíkóòpù nìkan. Bí àwọn alábẹ̀wò yín bá dé ilé ẹ̀kọ́ kan, dípò kí wọ́n ka iye bíkà tó wà, ẹ ní kí wọ́n béèrè iye tó ti fọ́ lọ́dún náà. Ibi tí kò bá sí èyí tó fọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́. Ẹ sì fún olùkọ́ láǹfààní láti fi èdè tí ọmọ gbọ́ ṣe àlàyé, kí ọmọ sì fi í béèrè, kí Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀ lé e nígbà tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Inú agolo mílíìkì ni mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì mi wà, pẹ̀lú òwú rẹ̀ àti iná pupa rẹ̀, ó sì tàn nígbà tí mo dán an wò láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ̀wé. Bí ọ̀kan nínú yín bá lè yọ̀ǹda ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, n óò gbé e wá. Kí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ wá bátìrì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ físíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.